Ẹ Má Fọwọ́ Lásán Kàwé

       

Ẹ̀yin olólùfẹ́ ètò orí rédíò yìí, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín. Ìwé wo lẹ kà kẹ́yìn? Ẹ rò ó wò. Ó lè jẹ́ ìwé ìtàn. Ó lè jẹ́ Bíbélì, ó lè jẹ́ Kùránì. Ó lè jẹ́ ìwé tó dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ṣé ẹ ti rántí rẹ̀? Ó dáa. Ìbéèrè kejì rèé: kí lẹ rántí nínú ìwé náà? Ẹ sọ nǹkan mẹ́ta péré tó kọ́ yín.

Ṣé ó ń ṣòro? Ẹ̀yin nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a ó pa á dé, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì fò lọ. Kì í ṣe pé orí wa kò pé. Kì í ṣe pé ìwé náà kò dára. Ọwọ́ lásán la fi kà á.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ má fọwọ́ lásán kàwé. Àgbẹ̀ kì í fọwọ́ lásán lọ sóko. Ó ní ọkọ́, ó ní àdá. Òǹkàwé náà ní irinṣẹ́ tirẹ̀. Irinṣẹ́ ọ̀hún kò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà nínú ilé yín báyìí. Pẹ́ńsù ń bẹ níbẹ̀. Kílínà ń bẹ níbẹ̀. Jọ́tà kékeré ń bẹ níbẹ̀. Ohun tí a fi ń sàmì sí ibi tí a kàwé dé ń bẹ níbẹ̀. Iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa ń bẹ níbẹ̀, àti awò ojú fún ẹni tó nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pẹ́ńsù la ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní í ra nǹkan mìíràn lẹ́yìn ètò yìí, ẹ ra pẹ́ńsù. Owó rẹ̀ kò tó owó mínírà ìgò kan. Kí ló dé tí mi ò ní kí ẹ lo báírò? Yíǹkì báírò, bó bá ti bọ́ sórí ìwé, kò ṣe é pa rẹ́ mọ́. Bí bébà ìwé náà bá fẹ́lẹ́, irú ti inú Bíbélì, yíǹkì lè yọ sí òdìkejì, kó ba ojú ìwé méjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ lónìí sì lè má jẹ́ èrò yín mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Pẹ́ńsù ń gba àtúnṣe. Ó ń fún òǹkàwé láyè láti yí èrò padà.

Ẹ wo ara pẹ́ńsù dáadáa, ẹ ó rí lẹ́tà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìdánwò WAEC rí, ẹ mọ èyí tí wọ́n kọ HB sí lára. Òun lẹ fi kun ìdáhùn. Òun náà dára fún ìwé kíkà. Èyí tí wọ́n kọ 2B sí rọ̀ jù ú lọ, ó sì dúdú jù ú lọ. Ẹ kò ní í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó hàn. Àmọ́ èyí tí wọ́n kọ 2H tàbí 4H sí le. Ó máa ń ha ojú ìwé. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń ya àwòrán ilé.

Kí ló mú kí ọ̀kan le ju èkejì lọ? Amọ̀ ni. Ohun dúdú tó wà láàárín pẹ́ńsù kì í ṣe òjé rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é nìyẹn. Graphite ni, wọ́n sì lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀. Nicolas-Jacques Conté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní ọdún 1795. Bí amọ̀ bá pọ̀, pẹ́ńsù á le. Bí amọ̀ bá kéré, pẹ́ńsù á rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo lẹ́tà ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Kílínà ni ìkejì pẹ́ńsù. Ẹ wá èyí tó funfun tó sì rọ̀. Ẹ má fi agbára fà á. Ẹ rọra fi pa á, kí ẹ sì fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò kí ẹ tó pa ìwé dé. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ará Yúróòpù fi ń pa àmì pẹ́ńsù rẹ́ kí wọ́n tó mọ ìlò rọ́bà? Búrẹ́dì ni! Àárín búrẹ́dì ni wọ́n máa ń bù, tí wọ́n á fi nu ojú ìwé. Ẹ̀yìn ọdún 1770 ni rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í gbapò búrẹ́dì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rí i pé ó ti pẹ́ tí àwọn òǹkàwé ti ń wá bí wọ́n ṣe máa kọ̀wé síbì kan, tí wọ́n á tún lè mú un kúrò.

Ó dáa. Pẹ́ńsù ti wà lọ́wọ́. Kí la fẹ́ fi ṣe? Ṣé ká máa fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ni? Rárá o. Ẹni tó bá fàlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀ kò tíì yan ìkankan. Ẹ kọ́kọ́ ka ìpínrọ̀ náà tán. Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ bi ara yín pé, kí ni kókó ibí yìí? Nígbà náà ni kí ẹ wá fa ìlà kan lóòró sí etí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó wọ̀ yín lọ́kàn. Ìlà kan péré ti tó.

Ọ̀rọ̀ tí kò yé yín ńkọ́? Ẹ fi òbírí yí i po. Ibi tó rú yín lójú ńkọ́? Ẹ fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Àmì ìbéèrè yẹn ló máa rán yín létí láti bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ibi tí ẹ kò ti gbà pẹ̀lú òǹkọ̀wé ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé, èmi ò gbà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè bá òǹkọ̀wé jiyàn. Bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bá a jiyàn. Ibi tí ẹ ti bá a jiyàn gan-an lẹ ó rántí jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tiwa níbí ṣàpẹẹrẹ. Bébà tó wà níwájú mi báyìí kún fún àmì pẹ́ńsù. Ìlà kékeré wà níbi tí màá ti mí. Ìlà wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tẹnu mọ́. Àmì ohùn wà lórí orúkọ tó lè kọ́ mi lẹ́nu. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń yàn láti ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ẹ ó ti mí àti sí orúkọ ìlú tó le. Ẹ ó rí i pé ìjọ á gbọ́ yín ketekete.

Àwa tí à ń ka ìwé Yorùbá, pẹ́ńsù tún ṣe pàtàkì fún wa ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ló wà níta tí wọn kò fi àmì ohùn sí bó ti yẹ. Ẹ ń kà á lọ geere, àfi gbì, ẹ kọsẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún un kà, ó tó wá yé yín. Ẹ má kàn kọjá lọ. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì ohùn sí i lójú ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ kò ní í kọsẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá sì jogún ìwé náà lọ́wọ́ yín kò ní í kọsẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ìwé àtijọ́ náà ńkọ́? Ìwé orin wa àtijọ́, Bíbélì àwọn bàbá wa, àti ìwé ìtàn tí wọ́n tẹ̀ kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974. Ẹ ó rí “aiye” níbẹ̀. Ẹ ó rí “enia” níbẹ̀. Ọmọ tó kọ́ Yorùbá ní ilé ìwé lónìí lè rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ “ayé” àti “ènìyàn” sí etí ìwé. Bó bá ṣe é fún ojú ìwé mẹ́ta, ìwé àwọn bàbá ńlá rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà là ń sọ. À ń sọ pé ká má fọwọ́ lásán kàwé. A ti sọ̀rọ̀ lórí pẹ́ńsù àti kílínà. Ó wá kan jọ́tà.

Kí la nílò jọ́tà fún, nígbà tí etí ìwé wà? Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Faransé láyé àtijọ́, Pierre de Fermat lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ òfin ló ń ṣe, àmọ́ ìṣirò ló fẹ́ràn. Ní nǹkan bí ọdún 1637, ó ń ka ìwé ìṣirò kan tí wọ́n kọ ní èdè Gíríìkì nígbà láéláé. Ló bá kọ ọ̀rọ̀ kan sí etí ìwé náà. Ó ní òun ti rí ẹ̀rí tó yani lẹ́nu fún ohun kan nínú ìṣirò, àmọ́ etí ìwé náà ti kéré jù láti gba ẹ̀rí ọ̀hún. Ibẹ̀ ló fi í sí.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tẹ ìwé náà jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ kọ sí etí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò kà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí náà. Wọ́n wá a títí. Bàbá wá a, kò rí i. Ọmọ wá a, kò rí i. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí Andrew Wiles, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 1995 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Àkọ́kọ́, ẹ má fojú kéré ohun tí ẹ bá kọ sí etí ìwé. Ó lè pẹ́ jù yín lọ láyé. Èkejì, etí ìwé kéré. Ó gba ọ̀rọ̀ díẹ̀, kò gba àlàyé. Ìdí nìyẹn tí jọ́tà fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Bí èrò bá wá sí yín lọ́kàn tí etí ìwé kò lè gbà á, ẹ kọ ọ́ sínú jọ́tà. Ẹ kọ orúkọ ìwé náà sókè. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tí ẹ bá dà kọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ẹ fetí sí èyí. Nọ́ńbà ojú ìwé tí ẹ kò kọ lónìí ni ẹ ó máa wá kiri lóru ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún olùkọ́.

Jọ́tà yìí kan náà ló máa yọ yín bí ìwé kò bá jẹ́ tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nǹkan kan sínú ìwé oníwèé. Ẹ má kọ nǹkan kan sínú ìwé ilé ìkàwé, ì báà jẹ́ pẹ́ńsù. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Bí ẹ bá da ìwé padà ní mímọ́, wọ́n á tún yá yín ní òmíràn.

Àwọn bébà kéékèèké alálẹ̀mọ́ tún wà, tí wọ́n ń tà ní ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọ́fíìsì. Ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé, ẹ ó kọ̀wé sí i, ẹ ó sì ṣí i kúrò láìya ìwé. Ẹ̀yin akọrin, inú yín á dùn láti mọ ibi tó ti wá. Ní ọdún 1968, Spencer Silver, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà, ṣe gọ́ọ̀mù kan tí kò lágbára. Ó ń lẹ̀, ó sì ń ṣí. Fún ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Art Fry náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Akọrin ni nínú ìjọ rẹ̀. Ó máa ń ki bébà sínú ìwé orin láti fi mọ orin tí wọ́n máa kọ. Bó bá sì ti ṣí ìwé, bébà á já bọ́. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ìgbà tó wá rántí gọ́ọ̀mù tí kò lágbára yẹn, ọ̀rọ̀ dayọ̀. Ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á káàkiri Amẹ́ríkà.

Ìkìlọ̀ kan rèé. Ẹ má fi bébà yìí sílẹ̀ pẹ́ nínú ìwé tó ti gbó. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń kù sójú ìwé, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti parí ìwé, ẹ yọ wọ́n, kí ẹ da ohun tó wà lára wọn kọ sínú jọ́tà.

Ẹlòmíràn lè máa sọ pé, ṣebí àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí? Àwọn bàbá wa ha kàwé báyìí bí? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kà á. Ẹ lọ sí ilé kéú. Ta ni ẹ rí níbẹ̀ tó ń fọwọ́ lásán kàwé? Ọmọ gbé wàláà sórí itan. Gègé wà lọ́wọ́. Tàdáwà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sára wàláà. Ọmọ á kà á sókè, á kà á títí á fi mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ wàláà, tí wọ́n á tún kọ òmíràn. Ojú ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Kùránì àfọwọ́kọ láti Borno lókè ọ̀hún wà tó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè gbàgàdà sílẹ̀ láàárín ìlà. Inú àyè náà ni àwọn àáfà kọ ìtumọ̀ sí ní lẹ́tà wínníwínní, ní èdè àwọn Kanembu. Ẹ kò rí nǹkan? Kì í ṣe àṣà àjèjì. Àṣà gbogbo ẹni tó fẹ́ kí ìwé yé òun ni.

Ibi tí a kàwé dé ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń sàmì sí i? Ẹlòmíràn á ká igun ojú ìwé kọ́rọ́. Ibẹ̀ á gbó, ọjọ́ kan á gé kúrò. Ẹlòmíràn á ki báírò sáàárín, á ki ìyarun, á ki fóònù. Ẹ̀yìn ìwé á sì là. Ẹ jáwọ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gé páálí pẹlẹbẹ láti ara páálí ọṣẹ tàbí ti oúnjẹ. Kó gùn, kó má fẹ̀. Ó ti tó. Páálí yẹn tún ní iṣẹ́ kejì. Bí ojú yín bá máa ń fo ìlà, ẹ gbé e sábẹ́ ìlà tí ẹ ń kà, kí ẹ máa sún un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dára fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Ó dára fún àgbàlagbà tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú.

Àwọn kan fẹ́ràn kálàmù aláwọ̀ títàn tí wọ́n ń pè ní highlighter. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó. Àmọ́ ó máa ń là kọjá lórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì ṣe é pa rẹ́. Fún Bíbélì, pẹ́ńsù aláwọ̀ ló sàn jù. Ẹ fi yẹ́lò kun ibi tí ẹ yàn, àwọ̀ rẹ̀ kò ní í yọ lódìkejì.

Iná wá ńkọ́? Ẹ̀yin ará, ojú kò ní ààrọ̀. Ẹ má fi iná tó ṣókùnkùn kàwé. Bí iná mànàmáná bá lọ, fìtílà tí à ń ṣáàjì wà, ti sólà náà wà. Ẹ gbé e sí ọwọ́ òsì bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń kọ̀wé, kí òjìji ọwọ́ yín má baà bo ohun tí ẹ ń kọ. Ẹni tó ń fọwọ́ òsì kọ̀wé, kó gbé tirẹ̀ sí ọ̀tún. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Fóònù á dún, ẹ ó wò ó, ìwé kíkà ti parí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ṣé ẹ ti ń na ìwé jìnnà sójú kí ẹ tó rí i kà? Ẹ má bẹ̀rù. Ara tó ń dàgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, awò ojú ló sì máa tún un ṣe. Àmọ́ ẹ má kàn ra awò lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri lójú títì láìjẹ́ pé dókítà yẹ ojú yín wò. Àrùn ojú kan wà tó ń jí ojú gbé láìfa ìrora. Dókítà nìkan ló lè tètè rí i. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Awò tó bá ojú yín mu, irinṣẹ́ ìkàwé ni. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwọn ọmọ wa. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n lò lọ́dún yìí, àbúrò ni yóò jogún rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ fi bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo ìwé wọn. Ẹ fún wọn ní pẹ́ńsù, kí ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń fàlà fẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ tí sáà bá parí, kí ẹ̀gbọ́n mú kílínà, kó tún ìwé ṣe fún àbúrò. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ojú kò gbé ìwé mọ́, ẹ pe ọmọ-ọmọ yín kó wá kà á sí yín létí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mọ́ yín, ẹ ní, fàlà síbẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Ọmọ náà á mọ̀ pé ìwé ṣe pàtàkì, nítorí ó rí i pé àgbà kà á sí.

A ti fẹ́ parí o. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá wa bẹ̀rẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ wa rèé: ẹ má fọwọ́ lásán kàwé. Bí ìwé bá jẹ́ tiyín, ẹ mú pẹ́ńsù. Bí kò bá jẹ́ tiyín, ẹ mú jọ́tà. Ẹ fi páálí sàmì sí ibi tí ẹ dé. Ẹ jẹ́ kí iná mọ́lẹ̀. Ẹ tọ́jú ojú yín.

Mo fẹ́ gbé iṣẹ́ kan fún yín kó tó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ mú ìwé kan ṣoṣo. Kó jẹ́ èyí tí ẹ ti kà rí tí ẹ kò rántí mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ òní sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ẹ ka ojú ìwé márùn-ún péré lójúmọ́. Ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ fàlà sí ẹ̀gbẹ́ ibì kan péré, kí ẹ sì kọ ìbéèrè kan péré. Bí ọ̀sẹ̀ bá yípo, ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnì kan nílé. Fún ọkọ yín, fún ìyàwó yín, fún ọmọ yín, fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Ẹ má wo ìwé. Ẹ sọ ọ́ látorí. Bí ẹ bá dúró níbì kan, ẹ ṣí ìwé, ẹ wo ìlà tí ẹ fà, kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Èmi náà á ṣe tèmi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní déédéé àkókò yìí, ẹ pè wá, kí ẹ sọ ìwé tí ẹ mú àti ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù nínú àwọn tí ẹ kọ sí etí rẹ̀. A ó gbọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.